Fluorocarbon àbí náílọ́nù: bí wọ́n ṣe ń yan tippet fún fly fishing

Fly, ìyẹn kòkòrò àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń tan trout (oríṣi ẹja odò kan) jẹ, ò wúwo rárá, ìyẹ́ ẹyẹ àti irun ẹran ni wọ́n dì mọ́ ìwọ̀ kékeré kan, kò sí òjé kankan tó máa fà á lọ sọ́ọ̀ọ́kán, torí náà okùn tó nípọn ni wọ́n fi ń jù ú. Ẹja á sì tètè rí okùn tó nípọn yẹn, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń so okùn míì tí wọ́n ń pè ní leader mọ́ ọn lẹ́nu, leader á máa tín-ín-rín lọ títí, apá tó gbẹ̀yìn, tó máa ń tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́rin, òun ni tippet. Òun ló di fly mú, òun náà ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ já tí ẹja ńlá bá gbé e.

Náílọ́nù tàbí fluorocarbon, tí méjèèjì jẹ́ oríṣi ike, ni wọ́n fi ń ṣe tippet. Náílọ́nù ló ti wà tipẹ́, ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà kéde rẹ̀ ní 1938, kó tó dé, láti inú kòkòrò sílíkì ni wọ́n ti ń fa tippet jáde. Fluorocarbon dé lẹ́yìn, ilé iṣẹ́ Kureha ní Japan ló kọ́kọ́ fi ṣe okùn ìpẹja ní 1971, orúkọ tí wọ́n ń fi tà á ni Seaguar. Lónìí owó rẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti náílọ́nù, ó wá yẹ kéèyàn mọ ohun tí owó yẹn rà.

Ohun tí wọ́n máa ń polówó jù ni pé ẹja ò lè rí i lómi. Àsọdùn wà níbẹ̀ o. Bí omi ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1.33, ti fluorocarbon jẹ́ 1.42, ti náílọ́nù lé ní 1.5, nítorí náà fluorocarbon sún mọ́ omi ju náílọ́nù lọ lóòótọ́, kì í dán tó o, àmọ́ kò bá omi dọ́gba, ẹja tójú ẹ̀ mú ṣì lè rí i. Tí ìyẹn nìkan bá ni ìdí téèyàn fi fẹ́ rà á, kó fowó ẹ̀ pamọ́ kó ra náílọ́nù tó tín-ín-rín sí i.

Ibi tó ti dáa gan-an ni ìsàlẹ̀ omi. Tá a bá fi omi ṣe 1, náílọ́nù wúwo tó 1.14, fluorocarbon tó 1.78, torí náà á rì, kò ní máa fa fly sókè. Náílọ́nù máa ń mu omi, tó bá ti mu ún tán á rọ̀, agbára ẹ̀ á dín kù, fluorocarbon kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi rárá, bó ṣe lágbára láàárọ̀ ló ṣe máa lágbára nírọ̀lẹ́. Ó tún le lára, kì í tètè bó tó bá ń ha àpáta àti eyín ẹja. Ẹ wo odò San Juan ní New Mexico, ní Amẹ́ríkà, nísàlẹ̀ ìsédò Navajo Dam, ìsàlẹ̀ adágún ni wọ́n ti ń tú omi tó ń ṣàn níbẹ̀ jáde, omi tútù, ó mọ́ rekete, kòkòrò bíńtín-bíńtín làwọn trout ibẹ̀ ń jẹ lábẹ́ omi, wọ́n ń lo ìwọ̀ nọ́ńbà 22 sí 26 (bí nọ́ńbà ìwọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ṣe ń kéré sí i), ní irú ibẹ̀ fluorocarbon tó owó ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n lórí odò Test ní Hampshire, ní England, níbi tí wọ́n ti fẹ́ràn dry fly tó ń léfòó, náílọ́nù ló yẹ, torí ó rọ̀, á jẹ́ kí fly máa bá omi lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, fluorocarbon á fẹ́ rì á, á sì gan.

Ti ìwọ̀n, X ni wọ́n ń kọ sí i, bí nọ́ńbà X ṣe ń pọ̀ sí i ni okùn ṣe ń tín-ín-rín sí i. Èèyàn á yọ nọ́ńbà X kúrò nínú 11, ohun tó kù ni bó ṣe nípọn tó ní ìdá ẹgbẹ̀rún inṣi. 5X á jẹ́ 6, ìyẹn 0.006 inṣi, nǹkan bíi mìlímítà 0.15. Láti mọ X tó bá fly mu, wọ́n máa ń pín nọ́ńbà ìwọ̀ sí mẹ́ta, ìwọ̀ 16 á gba 5X. Kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sha, torí tí fly bá kéré gan-an 7X máa ń já lẹ́nu ẹja ńlá.

Kókó ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn lóró pẹ̀lú fluorocarbon, wọ́n á ní okùn ò dáa nígbà tó jẹ́ bí wọ́n ṣe ta kókó ni kò dáa. Ó le ju náílọ́nù lọ, tí wọ́n bá fà á gbẹrẹfu ooru á mú un, á kú níbẹ̀, torí náà kéèyàn fi itọ́ tàbí omi rin ín kó tó rọra fà á títí táá fi jókòó, kó sì tún fà á wò kó tó jù ú. Tí wọ́n bá fẹ́ so ó mọ́ leader náílọ́nù, fluorocarbon lè gé náílọ́nù yẹn, kókó tí wọ́n ń pè ní surgeon's knot olójú mẹ́ta ló dáa, tàbí kí wọ́n fi òrùka kékeré tí wọ́n ń pè ní tippet ring sí àárín, òrùka yẹn ni mo fara mọ́ jù, torí leader ò ní máa kúrú.

Oòrùn máa ń ba náílọ́nù jẹ́, ọ̀pọ̀ ló ń pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dọọdún, fluorocarbon á pẹ́ jùyẹn lọ dáadáa, ohun kan náà ló jẹ́ kó burú tí wọ́n bá sọ àjákù ẹ̀ sódò, kì í jẹrà, ẹyẹ á kó sí i lẹ́sẹ̀. Kí wọ́n ká a sápò lọ sílé kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó dà á nù. Nígbà tí wọ́n bá sì ń rà á, kí wọ́n wò ó bóyá 100% fluorocarbon ni wọ́n kọ sára ẹ̀, torí àwọn kan wà tó jẹ́ náílọ́nù tí wọ́n kàn fi fluorocarbon bò lókè, ìyẹn ṣì ń mu omi.