Ìyá Ẹlẹ́ja Kan, Iṣẹ́ Mẹ́ta: Bí Kamẹramáànù Tó Mọṣẹ́ Ṣe Ń Yàwòrán

Ká ní ìyá kan jókòó nídìí igbá ẹja rẹ̀ ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, láàárọ̀ kùtù. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gúnlẹ̀, ọ̀bọ̀kún àti èpìà ṣì ń jà pìtìpìtì nínú agbọ̀n. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, kamẹramáànù kan náà lè wá bá ìyá yìí lẹ́ẹ̀mẹta: lẹ́ẹ̀kan fún ìròyìn tẹlifíṣọ̀n, lẹ́ẹ̀kan fún ìpolówó ọjà, lẹ́ẹ̀kan fún fíìmù. Ìyá kan náà ni, igbá kan náà ni, àmọ́ bí àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọra, a jẹ́ pé ọ̀gá àwọn kamẹramáànù, tí wọ́n ń pè ní DOP (director of photography) lórí lokéṣọ̀n, kò ṣiṣẹ́ owó tí wọ́n san fún un.

Tó bá jẹ́ ìròyìn, èjìká ni kámẹ́rà máa ń wà. Lẹ́ńsì tó fẹ̀, bíi 24mm, ni wọ́n ń lò, kí ìyá, ẹja àti ọkọ̀ lè wọnú àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe." Ohun tó bá ti kọjá ti kọjá nìyẹn.

Tó bá jẹ́ ìpolówó, ọmọṣẹ́ kan á máa wọ́n omi sára ẹja, wọ́n á gbé iná sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan lè máa dán. Àwòrán ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lè jẹ odidi àárọ̀ kan.

Fíìmù ló gba làákàyè jù, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ kò kan kámẹ́rà rárá: kí ló wà lọ́kàn ìyá yìí? Ká ní gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, olówó sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. DOP lè sún sẹ́yìn dáadáa, kó fi lẹ́ńsì gígùn, bíi 135mm, wò ó láti òkèèrè. Téèyàn bá yàwòrán báyẹn, ohun tó wà lẹ́yìn á dà bíi pé ó ti sún mọ́ ẹni tó wà níwájú. Àwọn ọkọ̀ tó jìnnà síra á wá dà bíi pé wọ́n tò gègèrè lé ìyá náà lẹ́yìn, ọjà á fẹ́ gbé e mì. Kò tíì la ẹnu, òǹwòran ti mọ̀ pé ara ń ni ín.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan oòrùn. Àwọn ìwé tí wọ́n kọ nílẹ̀ òyìnbó máa ń yin ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ wúrà tó máa ń wà nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, bí ẹni pé èèyàn lè jẹun tán kó tó yà á. Kì í rí bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ìlú yìí kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, oòrùn ibẹ̀ kì í fi ẹ̀gbẹ́ rìn, òkè ló máa ń gbà lọ tààrà, ó tó nǹkan bíi dígírì 15 ní wákàtí kan. Kí wákàtí náà tó pé, wúrà ti di irin. Torí náà, inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń to nǹkan. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń fi ibi tí ọkọ̀ máa gbà kọjá han atukọ̀.

Ọ̀sán ló burú jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn máa ń dúró ṣánṣán sórí ìlú náà, òjìji iwájú orí á bo ojú òṣèré, ojú méjèèjì á di ihò. Ẹni tó mọ èyí á fi ọ̀sán ya ohun tó wà nínú ilé, tàbí kó na aṣọ funfun fífẹ̀ sórí igi mẹ́rin bíi kánópì, kí oòrùn lè rọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń bú ọyẹ́ pé ó ń ba ẹ̀rọ jẹ́, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni eruku rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ aṣọ funfun yẹn.

Ọ̀rọ̀ awọ dúdú náà tún wà níbẹ̀. Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kò mọ èèyàn yàtọ̀ sí igi. Ó gbà pé àwọ̀ eérú ló yẹ kí gbogbo nǹkan ní. Tí apẹja adúmáadán bá dúró síwájú ọ̀sà tó ń kọ yànrànyànràn, ìmọ́lẹ̀ omi ni kámẹ́rà á kà, á rẹ gbogbo àwòrán sílẹ̀, ojú apẹja á sì dúdú bí èédú. Ẹni tí kò mọ̀ á ṣí lẹ́ńsì sílẹ̀ gbayawu: ojú á hàn, ọ̀sà á di funfun báláú, kò ní sí omi mọ́. Òmíràn á tan iná sójú òṣèré bí ẹni ń wá olè. Ọ̀gá á ní kí wọ́n yí ọkọ̀ díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wá, á gbé fóòmù funfun fífẹ̀ kan sí òdìkejì, á ní kí wọ́n fi ìpara díẹ̀ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́. Awọ dúdú máa ń dán. Ohun tó bá fẹ̀ tó sì mọ́lẹ̀ á hàn lára rẹ̀ bí ẹni wo omi, dídán yẹn ló sì ń fi bí ojú ṣe rí hàn.

Iná mànàmáná náà ní tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìgbà 50 ló ń yípo ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí wọ́n bá ń ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá, tí ojú kámẹ́rà sì ń ṣí fún ìdá kan nínú 50, kò sí wàhálà. Tó bá yà kúrò níbẹ̀, gílóòbù míì á máa ṣẹ́jú, ìlà dúdú á máa gba ojú àwòrán kọjá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn kì í dúró sójú kan, òun náà lè fa irú ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dé ipò DOP á kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà àti wáyà fúngbà pípẹ́, á fa fókọ́ọ̀sì fún ẹlòmíì, ìyẹn ni pé á máa yí lẹ́ńsì kí àwòrán lè mọ́ kedere, kí wọ́n tó fa kámẹ́rà lé e lọ́wọ́. Túndé Kèlání, tí wọ́n ń pè ní TK, kàwé ní London Film School, ó ṣiṣẹ́ ìròyìn fún BBC àti Reuters, ó sì fi rólù fíìmù 16mm, ìyẹn èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16, yàwòrán fún àwọn ẹlòmíì kó tó máa darí tirẹ̀. Rólù 16mm tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 400 kì í ju ìṣẹ́jú 11 lọ. Ẹni tó bá ti fi irú ìyẹn jẹun rí máa ń ronú kó tó ní kí wọ́n tan kámẹ́rà. Àwọn ọmọ Ikorodu Bois gba ọ̀nà míì: ohun èlò inú ilé ni wọ́n fi ń sín fíìmù ńláńlá jẹ, títí Netflix fi fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún 2020. Kí ẹ̀rọ tó dé ni wọ́n ti mọ ibi tó yẹ kí kámẹ́rà dúró.

Tí ilẹ̀ bá ṣú ní Ẹ̀pẹ́, ìdí ààrò ni wọ́n máa ń bá ìyá ẹlẹ́ja wa, níbi tó ti ń yan ẹja. Kelvin ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: èyí tó kéré máa ń pọ́n, èyí tó pọ̀ máa ń dà bí aró. Iná igi wà ní nǹkan bíi 2000 Kelvin, gílóòbù funfun ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ sì lè tó 6000. Bí wọ́n bá to kámẹ́rà mọ́ iná igi, pípọ́n iná á lọ, gbogbo àyíká á dà bí aró. Bí wọ́n bá tò ó mọ́ gílóòbù, ìyá á pọ́n bí epo. Nǹkan bíi 3200 ni ọ̀pọ̀ ń fi í sí, wọ́n á sì bẹ oníṣọ́ọ̀bù kó paná rẹ̀ fún wákàtí kan. Iná kékeré kan á wà lẹ́yìn èéfín, torí iná iwájú kì í jẹ́ kí èéfín hàn dáadáa. Ìyá á máa nu ojú, ẹni tó ń fa fókọ́ọ̀sì náà á máa nu ojú, DOP á ní kí wọ́n tún igi sí i.