Jẹ́nẹ́rà àbí àdáni: ohun tó yẹ kí aboyún bèèrè

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé kí n bí i sí Jẹ́nẹ́rà, ọsibítù ìjọba, ni àbí kí n wá owó lọ sí àdáni?" Kò sí ọjọ́ klíníìkì tí aboyún kan kì í bi mí bẹ́ẹ̀ ní Múṣin níbí. Èsì mi kì í tẹ́ wọn lọ́rùn: ẹ forúkọ sílẹ̀ níbi tí agbára yín bá ká, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí wọ́n máa gbé yín lọ tí nǹkan bá yíwọ́.

Torí púpọ̀ nínú ọsibítù àdáni Èkó ò dá dúró. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ níbẹ̀ lálẹ́ lè jẹ́ ẹni tó ti wà ní ọsibítù ìjọba látàárọ̀. Bí ọmọ bá dé tí oṣù rẹ̀ ò pé, tí wọn ò sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé irú wọn sí, LUTH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, tàbí Mọ̀tánítì Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ń sáré gbé e lọ. Èyí tó ń dùn mí jù ni ìwé tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn wá lóru. "Please take over," ó parí! Kò sí ìgbà tí omi já, kò sí iye tí BP jẹ́, kò sí orúkọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fún un.

Síbẹ̀, mi ò sí lára àwọn tó ní kí wọ́n ti àdáni pa. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. First Consultants ní Ọbálẹ́ndé, ọsibítù àdáni, ni wọ́n gbé aláìsàn àkọ́kọ́ lọ. Dókítà Stella Adadevoh fura, ó sì kọ̀ kò jẹ́ kó jáde, bí wọ́n ṣe fúngun mọ́ ọn tó. Àìsàn náà ló pa òun náà lọ́jọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n ọsibítù ìjọba ní Yaba ni wọ́n ti tọ́jú àwọn tó kó o, òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá ẹni tó ti fara kàn wọ́n kiri láti ilé dé ilé. Àdáni wo ló máa ṣe ìyẹn? Ta ni ì bá sanwó?

Wọ́n ti dán ìtìpa wò nípa ilé-ìwé rí. Lọ́dún 1980, ìjọba Jakande, gómìnà Èkó nígbà náà, ní kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdáni kásẹ̀ nílẹ̀. Okogie, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Àgùdà, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, kóòtù sì ní ẹ̀tọ́ wà fún un láti dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ìjọba yẹn kan náà ló fòpin sí ètò kí àwọn ọmọ kan máa lọ sílé-ìwé láàárọ̀, kí àwọn mìíràn máa lọ lọ́sàn-án, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò jókòó sí kíláàsì ilé-ìwé ìjọba kì í tètè gbọ́ pé òrùlé ń jò.

Ẹ̀yin tó fẹ́ lọ sí àdáni, ẹ wo ara ògiri bóyá ìwé àṣẹ ọdún yìí láti ọ̀dọ̀ HEFAMAA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọsibítù, wà níbẹ̀. Ẹ bèèrè dókítà tó ń sùn síbẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n máa pè lórí fóònù. Níbo ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀? Mọ́tò ta ni wọ́n máa fi gbé yín? Bí ẹ bá ní Ìlera Èkó, ìṣèdúró ìlera ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ó ń ṣiṣẹ́ ní Jẹ́nẹ́rà àti ní àwọn àdáni kan, nítorí náà ẹ bèèrè bóyá èyí tí ẹ yàn wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.