Bí signal kò bá jáde rárá, ta ni yóò pariwo?

Bí object ṣe ń fọ́n signal (ìkéde pé nǹkan ṣẹlẹ̀) síta, tí slot, function tó ń dá a lóhùn, sì ń gbọ́ ọ, ti yé gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ kan Qt, ohun èlò tí a fi ń kọ app ní C++, rí. Ibi tí wàhálà wà ni bí unit test, kóòdù kékeré tó ń yẹ kóòdù mìíràn wò, ṣe ń jẹ́rìí pé signal náà jáde lóòótọ́.

Ká mú app kan tí ìyá aláàdìrẹ fi ń tajà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Bí oníbàárà bá ti sanwó, object Oja á fọ́n signal owoWole, pẹ̀lú iye owó náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á so lambda, function kékeré tí kò lórúkọ, mọ́ owoWole, wọ́n á sì kọ àyẹ̀wò sínú rẹ̀: ṣé 18000 ni? Wọ́n á tẹ run, test á yege, ó tán.

Kò tán o. Lambda tí ẹnikẹ́ni kò pè kò yẹ nǹkan kan wò. Àfi bíi kí ìyá náà fi ọmọọṣẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, kó ní: "Bí oníbàárà Èkó bá dé, tí owó ẹ̀ ò bá pé, kí o pariwo." Ilẹ̀ ṣú, kò sí ariwo, ìyá gbà pé owó pé. Oníbàárà Èkó kò sì kúrò nílé. Irú test báyìí a máa bí èèyàn nínú: ẹ pa ìlà emit, èyí tó ń fọ́n signal náà, rẹ́ pátápátá, yóò ṣì máa yege.

Qt ní irinṣẹ́ test kan tó ń jẹ́ QSignalSpy (spy ni a ó máa pè é). Ọmọọṣẹ́ tirẹ̀ kì í dájọ́. Ìwé ló mú dání, ẹni tó bá ti wọlé ló ń kọ sílẹ̀. QList, àtòjọ ti Qt, ni ìwé ọ̀hún, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ signal kan pẹ̀lú àwọn argument rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ni ìyá á ṣí i wò: count(), iye ìlà inú ìwé, gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Bó bá jẹ́ 0, test wó. Bó bá jẹ́ 2, a ti ka owó kan lẹ́ẹ̀mejì, lambda àkọ́kọ́ yẹn kò sì ní fura láé. Ẹni tó ya àkọsílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdájọ́ gbọ́n gidi.

wait(), tó ń ní kí spy dúró de signal, ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Bí a kò bá fún un ní àkókò, 5000 mílísẹ́kọ́ńdì ló ń dúró, signal tó bá jáde lẹ́yìn tí a pè é nìkan ló sì ń kà. Bí owoWole bá ti jáde nínú sanwo(), function tí test fi ń sanwó, fúnra rẹ̀ kí a tó pe wait(), orúkọ ti wà nínú ìwé, síbẹ̀ wait() á dúró ṣánṣán lẹ́nu ọ̀nà, á wá dá false padà. Ìdí nìyí tí QTRY_COMPARE(spy.count(), 1) fi sàn jù: ìwé ló ń yẹ̀ wò léraléra. Àbùkù tirẹ̀ ni pé bó bá ti rí 1 báyìí, ó ti lọ nìyẹn. Èkejì tó bá pẹ́ dé kò ní bá a níbẹ̀.

Bí a bá wá fẹ́ jẹ́rìí pé signal kò jáde ńkọ́, bíi kí báǹkì kọ káàdì oníbàárà? count() gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Ibí ni àrùn ti lambda tún lè gba ẹ̀yìn wọlé: bí a bá fi SIGNAL(), tó ń sọ orúkọ signal di ọ̀rọ̀ lásán, kọ orúkọ, tí a ṣì í kọ, spy kò so mọ́ nǹkan kan, ìwé á ṣófo, test á yege. isValid(), tó ń sọ bóyá spy so mọ́ signal, á sọ ọ́, bí ẹnìkan bá rántí bi í. Ẹ kúkú kọ ọ́ ní &Oja::owoWole; bí orúkọ bá ti wọ́ báyìí, compiler, tó ń sọ kóòdù di app, kò ní gbà á.