“Wọ́n ti fọ̀ ọ́ kúrò lára rẹ̀”

Láti Kábà dé Ìsánlú, báyìí la ṣe ń kí ìyá tọ́mọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìtọ́jú àwọn tó ń lo oògùn olóró dé: “Ọ̀kun o, ẹ kú oríire, wọ́n ti fọ̀ ọ́ kúrò lára rẹ̀.” Tọ́mọ náà bá tún lò ó lẹ́yìn oṣù méjì, ẹnu kan náà la fi ń sọ pé owó ti wọgbó, pé ayé ló ń bá a jà.

Fífọ̀ wà lóòótọ́. Ẹni tó bá dá tramadol dúró, ara á máa ro ó, imú á máa dà, oorun á dá lójú rẹ̀. Gìrì tiẹ̀ lè mú ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ lójú dókítà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, èyí tó le jù á ti kọjá. Ṣùgbọ́n ohun tí oògùn ti yí padà nínú ọpọlọ kì í bá òógùn jáde. Ojú ọ̀rẹ́ àtijọ́ lásán, tàbí owó tuntun lápò, ara á tún máa bèèrè. Mímọ ohun tó ń jí i àti bí èèyàn ṣe lè yẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń kọ́ nílé ìtọ́jú, ó sì sábà máa ń gbà ju oṣù mẹ́ta lọ. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ẹgba, tí àwọn kan ń pè ní ìtọ́jú, kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní èyí rí.

Àwọn onímọ̀ sọ pé bí 40 sí 60 nínú 100 ló ń tún un lò lẹ́yìn ìtọ́jú, bí àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru náà ṣe ń padà. Bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ bàbá bá tún ru, ilé ìwòsàn la ń gbé e padà sí.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé: tramadol, kódíìnì, heroin, ara tó ti sinmi lóṣù mélòó kan ti gbàgbé bó ṣe ń gbé wọn. Iye hóró tọ́mọ yẹn ń gbé mì tẹ́lẹ̀ lè dá èémí rẹ̀ dúró lóru ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ tó bọ́ sílé yẹn gan-an ló léwu jù, ìgbà yẹn náà la sì ń mójú kúrò lára rẹ̀.

Mo bá irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ nídìí agbada gààrí, ọ̀sẹ̀ kẹta tó dé. Ọlọ́kadà kan tí wọ́n jọ ń lò ó tẹ́lẹ̀ fun fèrè sí i lẹ́ẹ̀mẹta lójú títì. Kò yíjú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sanwó iṣẹ́ rẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún màmá mi.”