Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ dá ọ̀dá sílẹ̀ fún àgbàdo

Ẹni bá gbọ́ orúkọ Ìkẹ́nnẹ́, Awólọ́wọ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, tàbí ilé ẹ̀kọ́ Mayflower tí Táí Ṣólàrìn dá sílẹ̀ ní 1956. Ohun mìíràn ni àwọn tó ń ṣe irúgbìn àgbàdo mọ ìlú náà mọ́: oko ìwádìí IITA, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, níbi tí wọ́n ti ń mọ̀ọ́mọ̀ fi òùngbẹ pa àgbàdo. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bí 1,500 mílímítà. Kí ló dé tí wọn kò gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí Kánò, tí ọ̀dá ti wà lọ́fẹ̀ẹ́?

Ọ̀dá tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ṣòroó fi dán irúgbìn wò. Ó lè dé nígbà tí àgbàdo ṣì kéré, kí òjò tún bẹ̀rẹ̀ kó tó yọ òdòdó. Lọ́dún kejì, ó lè má wá rárá. Ta ni yóò wá mọ̀ bóyá irúgbìn ló lágbára, àbí òjò ló ṣàánú rẹ̀? Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí ènìyàn ti lè pa omi lọ́jọ́ tó bá fẹ́, kí ojú ọ̀run má sì dá sí i. Ní Ìkẹ́nnẹ́, láti ìparí oṣù Kọkànlá wọ oṣù Kẹta, òjò ṣọ̀wọ́n, omi tí ẹ̀rọ lè fà sì wà.

Ní 1967 ni wọ́n dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1980 sí 1990, àgbàdo ti ń gba ilẹ̀ ọkà bàbà lókè ọ̀dàn, níbi tí òjò ti lè dá lójijì, ọ̀dá 1983 sì ti fojú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ rí màbo. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Mẹ́síkò, lọ́wọ́ CIMMYT, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àgbàdo àti àlìkámà. Láti 1975 ni wọ́n ti ń gbin àgbàdo kan ní ẹ̀ẹ̀rùn ní Tlaltizapán, tí wọ́n ń pa omi mọ́ ọn, tí wọ́n sì ń ṣa èyí tó bá yege, títí di ìpele mẹ́jọ. Tuxpeño Sequía ni wọ́n pè é. "Sequía" ni ọ̀dá lédè wọn.

Ibi tí òùngbẹ ti ń mú àgbàdo gan-an ni ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Òdòdó orí rẹ̀ ni akọ, òun ló ń da lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀. Irun tó ń yọ lẹ́nu ọmọ ni abo, irun kọ̀ọ̀kan ló sì ni hóró kan. Bí omi bá tó, ọjọ́ kan sí mẹ́ta ló máa ń wà láàárín méjèèjì. Bí òùngbẹ bá dé, akọ kì í dúró, irun ni yóò pẹ́, nígbà mìíràn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, lẹ́búlẹ́bú á sì ti tán. Ọmọ á wọ igba aṣọ rẹ̀ pé, kò ní sí hóró nínú.

Nítorí náà, gbogbo ètò oko Ìkẹ́nnẹ́ ni láti jẹ́ kí òùngbẹ bá àgbàdo lójú òdòdó. Poro sí poro jẹ́ 75 sẹ̀ǹtímítà, ihò sí ihò 40. Hóró mẹ́ta ni wọ́n ń sọ sí ihò, wọ́n á fa ọ̀kan tu ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó ku méjì-méjì. Ìyẹn fi díẹ̀ lé ní 66,000 igi lórí hẹ́kítà kan. Ẹ̀rọ afọ́nmi ń rọ òjò mílímítà 17 lọ́sẹ̀. Ẹ má fojú kéré rẹ̀: lítà 170,000 ni lórí hẹ́kítà kan, àgbá onílítà 200 tó tó 850. Ní ọjọ́ 28 lẹ́yìn gbígbìn, wọ́n á pa omi pátápátá. Fún àgbàdo tó ń yá gan-an, ọjọ́ 21 ni. Láti ìgbà náà, omi tó ṣẹ́kù nínú ilẹ̀ ni igi ń mu. Oko kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń mumi títí dé òpin, òun ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ibí yìí ni ilẹ̀ ti wúlò ju ẹ̀rọ lọ. Ilẹ̀ oko náà tẹ́jú, ó dọ́gba, ó sì ń di omi mú. Lórí yanrìn lásán, gbogbo rẹ̀ ni yóò kú pọ̀, kò ní sí èyí tó sàn jù. Àgbẹ̀ Rẹ́mọ tó ń gbin àgbàdo àkùrọ̀ lẹ́ẹ̀rùn lè rò pé àkùrọ̀ á dára jù, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni omi tibẹ̀ ti ń wá, ta ni yóò pa á?

Ohun tó ń bà á jẹ́ pọ̀. Ọyẹ́ máa ń gbé omi ẹ̀rọ lọ sápá kan, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a to agolo káàkiri oko, ká wọn ohun tó bọ́ sínú ìkọ̀ọ̀kan. Ibi tí ògán ti wà rí máa ń mú àgbàdo tutù yọ̀yọ̀ láìjẹ́ pé irúgbìn rẹ̀ dáa. Bí wọ́n bá sì gbìn ín pẹ́, òjò àkọ́rọ̀ á rọ̀ sí i kó tó gbó, iṣẹ́ ọdún kan ti bọ́ nìyẹn.

Wọ́n ń kọ ọjọ́ tí ìdajì igi da lẹ́búlẹ́bú àti ọjọ́ tí ìdajì yọ irun sílẹ̀. Wọ́n ń fún ewé tó kú ní máàkì láti 1 dé 10, wọ́n sì ń ka ọmọ lórí igi. Lójú tiwa, iye ọmọ yìí ló ń tú àṣírí jù, nítorí igi tí ewé rẹ̀ tutù tí kò bímọ, koríko lásán ni.

Nígbà tí iṣẹ́ DTMA, ètò àgbàdo tó ń fara da ọ̀dá fún ilẹ̀ Áfíríkà, tí CIMMYT àti IITA jọ ṣe ní orílẹ̀-èdè 13, bẹ̀rẹ̀ ní 2007, oko yìí wà lára ibi tí wọ́n ti ń dá irúgbìn lẹ́jọ́. Èyí tó bá yege ní Rẹ́mọ kò tíì bọ́. Mókwá àti Àbújá ló kàn, níbi tí wọ́n ti ń po hóró Striga, koríko tó ń fa oúnjẹ nínú gbòǹgbò àgbàdo, mọ́ yanrìn, tí wọ́n ń da nǹkan bí 5,000 sínú ihò kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń dín ajílẹ̀ kù.