“Ọ̀dọ̀ tiwa kò sí Lassa”: ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, sì ń gbé iye àwọn tí ibà Lassa mú jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà là ń gbọ́: “Oǹdó ni àìsàn yẹn wà, ọ̀dọ̀ tiwa kò sí.” Wọ́n rí òdo níwájú orúkọ ìpínlẹ̀ wọn, ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n fi gààrí sílẹ̀ láìbò fún eku tó ń gbé àrùn náà kiri.

Lóòótọ́, Oǹdó àti Ẹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù. Ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ àti Irrua, ní ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí náà, ni ilé ìwòsàn tó mọ Lassa dunjú wà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Dókítà tó ń rí i lọ́dọọdún á tètè fura. Níbòmíràn, ibà lásán ni wọ́n á pè é, wọ́n á máa fún aláìsàn ní oògùn ibà títí ẹ̀mí á fi bọ́, kò ní sẹ́ni tó máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí a kò yẹ̀ wò, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè kà á.

Nọ́ọ̀sì tó bá fura á pe òṣìṣẹ́ tó ń tọpa àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí DSNO. Òun ló máa kọ ọ́ sórí fóònù nínú SORMAS, ètò tí àwọn onímọ̀ Nàìjíríà àti Jámánì jọ ṣe lẹ́yìn Ebola ọdún 2014. Bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fóònù á tọ́jú rẹ̀ dìgbà tó bá dé. Ẹ̀jẹ̀ á wọ ìgò, ìgò á wọ ike, ike á wọ páálí tó ní yìnyín. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ló so ẹ̀jẹ̀ yẹn mọ́ orúkọ orí fóònù, ibẹ̀ ni nǹkan sì ti máa ń bàjẹ́. Bí wọ́n bá fi 017 ṣe 071 lára ìgò, èsì á jáde, kò ní rí ẹni tó ni ín.

Èyí tó burú jù ni kí a ka àyè òfìfo sí òdo. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí ilé ìwòsàn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kódà bí kò bá rí aláìsàn kankan: kó kọ 0. Ìròyìn ni 0 yẹn, ó ń sọ pé “mo wá a, n kò rí i.” Àyè òfìfo kò sọ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé ìyanṣẹ́lódì ń lọ lọ́wọ́, tàbí pé owó dátà ló tán. Bí ilé ìwòsàn 40 bá yẹ kó fi fọ́ọ̀mù wá, tó jẹ́ 12 ló wá, òdo ti 12 yẹn kò lè gbẹnu sọ fún 28 tó kù.

Nítorí náà, tí ẹ bá ṣí ìròyìn NCDC, iye àwọn tí wọ́n fura sí ní ìpínlẹ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo iye àwọn tí àyẹ̀wò fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ní i. Ìpínlẹ̀ tó fura sí ẹni méjì péré lọ́dún kò tíì wá Lassa rárá.