Kí Ọ̀gànwó Tó Wọ Ọkọ̀ Òkun

Ọ̀pọ̀ ń sọ pé CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti igi igbó, ti fòfin de títà ọ̀gànwó sókè òkun. Kò fòfin dè é. Kò fòfin de igi àpá náà. (Ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà sọ nípa gẹdú jẹ́ òfin mìíràn lọ́tọ̀.) Àṣìgbọ́ yìí wọ́pọ̀ nídìí iṣẹ́ pákó, ó sì ń dunni, torí ẹni tó bá ti gbà pé ilẹ̀kùn ti tì kò ní bìkítà mọ́ nípa igi tó kù nínú igbó. Ní 2022, níbi ìpàdé CITES ní Panama, ńṣe ni wọ́n kó àwọn igi wọ̀nyí, pẹ̀lú osùn àti àwọn ìbátan rẹ̀, sínú Àfikún Kejì. Igi tó bá wà níbẹ̀ ṣeé tà, bí onímọ̀ bá kọ́kọ́ wo igbó tó sì jẹ́rìí pé títà náà kò ní pa ìran igi náà run. Ẹlòmíràn ló ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. Ọgbọ́n gidi ni yíyà tí wọ́n ya iṣẹ́ àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ yẹn.

Orúkọ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ó ju irú igi kan lọ tí Yorùbá ń pè ní ọ̀gànwó. Ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó FRIN, ewé gbígbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí wà níbẹ̀ jọ gègèrè, tòun ti orúkọ ibi tí wọ́n ti já a. Ewé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ èyí tó jẹ́ èyí.

Lẹ́yìn náà ló kan igbó. Wọ́n á ta téèpù yí igi ká níbi àyà èèyàn, mítà 1.3 sókè. Bí ìdí igi bá yọ bí ògiri, wọ́n á wọ̀n ọ́n lókè ibẹ̀. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ka èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Kí ni wọ́n ń wá? Ẹ wọ agboolé kan ní Ọjẹ́, kí ẹ bá bàbá àgbà mẹ́wàá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé kún lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá gbọ́ ẹkún ọmọ, tí kò sí ọ̀dọ́ nídìí kànga, agboolé yẹn ti ń parẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni igbó. Èyí tó pé gbọ́dọ̀ rí bí òkìtì èlùbọ́ lórí àtẹ: ọmọdé pọ̀ nísàlẹ̀, àgbà ò ju díẹ̀ lọ lókè. Ibi tí igbó ti yàtọ̀ sí agboolé ni pé àgbà ni abiyamọ níbẹ̀. Igi ńlá ló sábà máa ń so jù, òun náà sì ni agégedú ń wá kiri. Ẹni tó gé e ti gbé ìyálé tó ń bímọ fún gbogbo agboolé lọ.

Nígbà mìíràn, àárín ló máa ń ṣófo: ọmọdé wà, àgbà wà, ọ̀dọ́ ò sí. Kòkòrò kan, Hypsipyla robusta, ń lu ọ̀mùnú ọ̀gànwó kékeré, orí rẹ̀ á rọ, á wá yọ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ dípò kó ga. Ìdí nìyí tí kò fi tó láti sọ pé “gbin méjì dípò ọ̀kan” tí wọ́n gé.

Èèpo ọ̀gànwó tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ń tà ńkọ́? Gẹdú, pákó àti irú wọn ni Àfikún Kejì mú nínú ọ̀gànwó. Èèpo ò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, igi tí wọ́n bó yíká ti kú, ó sì yẹ kí onímọ̀ kà á mọ́ èyí tí wọ́n gé.

Ní October 2018, ìgbìmọ̀ CITES ní kí àwọn orílẹ̀-èdè má gba kosso, ìbátan osùn, láti Nàìjíríà mọ́. Ìwé àṣẹ wà nígbà náà. Ẹ̀rí láti inú igbó ni kò tó.